Òǹkà Tí Mo Sọ Ní Àkàndá

Ẹ̀tàdínlọ́kẹ̀ẹ́. Ẹ tún un pè kó mọ́ yín lẹ́nu. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbàá mẹ́wàá, tí ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú ẹ̀: 19,997. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Ìkòròdú níbí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á yáa fi Gẹ̀ẹ́sì pè é kíá, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ wọ́n.

Èmi fẹ́ràn òǹkà yìí, mi ò ní purọ́. Ká ní ẹja ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹni méjì pín in dọ́gba, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Kí ẹni mẹ́ta pín in, méjì á ṣẹ́ kù. Kí ẹni méje pín in, márùn-ún á ṣẹ́ kù. Ẹ lè pín in títí ọjà á fi tú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù, àfi kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo ẹ̀ lọ, tàbí kí iye èèyàn pọ̀ tó iye ẹja gan-an, kí kálukú mú ẹyọ kan. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ wà lọ jàra: èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, wọn ò lópin. Èmi ni mo fún irú wọn lórúkọ lédè Yorùbá, nínú iṣẹ́ kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ṣe. Orúkọ yẹn ni wọ́n yọ dànù, wọ́n sì fi òmíràn dípò ẹ̀. Ẹ lè ní, nítorí orúkọ lásán? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú, ilé rẹ́ǹtì la sì ń gbé lẹ́yìn Itamaga. Nínú àgbàlá wa, gbogbo obìnrin ló ní orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ń pè é. Ìyá Ìbejì ń bẹ, ìyá tibí, ìyá tọ̀hún. Èmi, "Tíṣà" ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé ọkọ, mi ò sì tíì bímọ. Ọmọ tó kéré jù nínú àgbàlá yẹn mọ̀ pé "Tíṣà" tí wọ́n ń pè mí, àlàfo ni wọ́n fi ń dí. Kì í dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ yìí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ìdílé àwọn Mùsùlùmí tí àwọn baba ńlá wọn bá ọba kúrò l'Ékòó láyé ijọ́un. Alájà ni mò ń pè é. Ẹgbẹ́ ni wá, ọmọ mẹ́rin ló bí, tíṣà ìṣirò sì lòun náà. Ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ la ti pàdé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ wa ṣe àṣìṣe kan lójú pátákó, àwa méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, a wo ara wa, ẹ̀rín sì gbà wá lẹ́nu títí wọ́n fi ní ká bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà, ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀ lé e ni èmi àti ẹ̀. Nígbà tí oyún kan bà jẹ́ lára mi, òun ló wá láti Ẹ̀pẹ́ tòun ti ẹja yíyan. Ó fọ aṣọ mi, ó gbá ilé mi, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni mo lọ fi ṣe ọ̀rẹ́. Ìbá sàn fún mi ká ní èèyàn burúkú ni.

Àwọn kan tó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi Yorùbá mọ ìṣirò ló ní ká bá wọn ṣe ìwé pélébé kan, tí á ṣàlàyé irú òǹkà tó wà: èyí tó ṣeé pín, èyí tí kò ṣeé pín, èyí tó pé, èyí tí kò tó. Àwa la máa wá ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Inú mi dùn débi pé mò ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún mi.

Ọjọ́ Sátidé kan la jókòó sí Èbúté Ìkòròdú. Alájà ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ náà ò sì yára dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó yanrìn jáde látinú omi, ó tutù, ó tẹ́jú dáadáa, mo bá fi ṣóńṣó agbòjò mi kọ òǹkà sí i lára. Ọ̀kẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́mọ yọyọ ni ọ̀kẹ́: ọgbọ̀n òǹkà ló pín in tí nǹkan kan ò ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, láìka ọ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ju ọ̀kẹ́ lọ. Alájà ló sọ irú èyí ní òǹkà àkúnwọ́sílẹ̀, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un torí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ̀fà, tí ení, èjì àti ẹ̀ta tó pín in pa pọ̀ di ẹ̀fà gẹ́lẹ́, a sọ ọ́ ní òǹkà pípé. Èyí tí tiẹ̀ ò bá tó o, aláìtó.

Mo wá ní ká yọ mẹ́ta kúrò lára ọ̀kẹ́, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí nǹkan kan. Ogún dín mẹ́ta, ẹ̀tàdínlógún, kò ṣeé pín. Igba dín mẹ́ta, 197, kò ṣeé pín. Ẹgbàá dín mẹ́ta, 1,997, kò ṣeé pín. Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: òpó tí Yorùbá fi gbé òǹkà ró nìyẹn o! Ẹ yọ mẹ́ta péré lára wọn, wọ́n á le bí òkúta. Ó wá ku ọ̀kẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lórí yanrìn. Èje ò wọlé. Ọ̀kànlá ò wọlé. Ẹ̀tàlá ò wọlé. A pa á rẹ́, a tún un kọ, àwọn tó ń já yanrìn ń wò wá bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. A dán an wò títí a fi dé èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó yẹ ká dán wò, kò sí ọ̀kan tó wọlé. Alájà fò sókè, ìbòrí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi.

Ó ní, "Kí la máa wá pe irú èyí?" Kí n tó la ẹnu, ẹ̀rín ti gbà á. "Ọ̀kẹ́ lọ́mọ yọyọ, eléyìí ò ní nǹkan kan nínú. Òǹkà àgàn!"

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi ìṣirò dá a lóhùn. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ń pín nǹkan ní kíláàsì, a máa ń ní èjì wọ inú ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú. Ohun tó bá sì wà nínú, létí Yorùbá, ọmọ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń wọlé, ọ̀pọ̀ tíṣà ló sì ń ṣe é. Mo ní, "Alájà, àwọn tó wọ inú òǹkà kì í ṣe ọmọ ẹ̀, òbí ẹ̀ ni wọ́n. Èjì àti ẹ̀ta pàdé, wọ́n bí ẹ̀fà. Ọmọ òǹkà ni ìlọ́po ẹ̀. Ẹ̀tàdínlọ́kẹ̀ẹ́ máa bí ìlọ́po méjì, á bí ìlọ́po mẹ́ta, á máa bí i lọ ni. Kì í ṣe pé kò bímọ. Òbí ni kò ní. Kò sí ẹni tó para pọ̀ ṣẹ̀dá ẹ̀, òun àti irú ẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ̀dá àwọn yòókù. Àkàndá ni ká máa pè é."

Ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni, ó ní òun ò rò ó síbẹ̀.

Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni fún un. Ìyá ọkọ mi ti wá kí wa láti ilé. Nígbà tó ń lọ, ó dúró láàárín àgbàlá, lójú gbogbo ayálégbé, ó ní, "Ìṣirò, ìṣirò, kò ka ọmọ kan sílé. Àgàn lọmọ mi gbé wálé." Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Kò gbójú sókè. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Alájà lórí yanrìn yẹn, mo sọ bí mo ṣe wọlé tí mo ń bu gaàrí sínú ife, tí gbogbo ẹ̀ ń dà sílẹ̀. Mo ní, "Pe òǹkà yìí ní ohun tó bá wù ẹ́. Má fi ọ̀rọ̀ yẹn pè é. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni." Omi lé ròrò lójú ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní jáde lẹ́nu mi mọ́ láyé. Wọ́láhì." Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ dé, ó wọlé, ó ń juwọ́ sí mi títí mi ò fi rí i mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé òpó wa síwájú sí i. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dín mẹ́ta, 199,997. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé àkàndá lòun náà. Ẹ gbà mí o! Èje wọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́, lọ́nà 28,571, kò sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mẹ́rin ṣe bí ọmọlúàbí, ìkarùn-ún já wa kulẹ̀. Mo pe Alájà lórí fóònù, inú ń bí mi sí òǹkà bí ẹni pé ó jẹ mí ní gbèsè. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ta ló ní kó o fọkàn tán an nítorí pé àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ṣe dáadáa?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀pẹ́ la ti fẹ́ tẹ ìwé náà, torí ó mọ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá bi ní irú ìbéèrè yẹn, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ìwé náà jáde, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Itamaga, tèmi ti bàtà tuntun. Gbọ̀ngàn náà ò jìnnà sí ọjà ẹja, òórùn ẹja ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn tíṣà ilé ìwé wa wà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà wa náà wá. Wọ́n pín ìwé náà kálẹ̀, mo rí orúkọ àwa méjèèjì lẹ́yìn ẹ̀, orí mi wú. Mo ṣí i. Òǹkà pípé wà níbẹ̀. Òǹkà àkúnwọ́sílẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, mo sì rí i: Òǹkà àgàn ni òǹkà tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú, àfi ení àti òun fúnra ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn atẹ̀wé ló ṣì í. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó.

Alájà gun orí pèpéle, ó gba makirofóònù. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní jẹ́ kó dà bíi pé kò mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní, "Ẹ wo ọ̀kẹ́, ọlọ́mọ yọyọ! Ẹ wá wo ẹ̀tàdínlọ́kẹ̀ẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé. Ó tóbi, ó rẹwà, ó kàwé, ó gbọ́n bí nǹkan míì. Ẹ wo inú ẹ̀ wò: òfìfo! Kí la ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Ó ní òun ò gbọ́, kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè, ẹ̀rín sì ta.

Ó kàwé. Láti ìgbà wo ni òǹkà ti ń kàwé? Àwọn tíṣà ilé ìwé wa ò wo pèpéle mọ́, èmi ni wọ́n ń wò, ọ̀gá àgbà wa sì fi ìwé bo ẹnu. Mo jókòó síbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, torí mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe míì.

Mo bá a níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo ní, "Alájà, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn? Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rí bí wọ́n ṣe gbá a mú? Ta ló máa rántí àkàndá? Lórí rédíò, àwọn tí nǹkan ṣe lára ni wọ́n ń pè ní àkàndá ẹ̀dá. Àwọn ọmọ á kàn máa da ọ̀rọ̀ rú ni."

"O búra fún mi."

"Mi ò dárúkọ ẹ."

"O ní ó kàwé."

Ó gbá ìpẹ́ ẹja kan kúrò létí aṣọ ẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tó ń fọ aṣọ mi lọ́jọ́sí. Ó ní, "Kí n má purọ́ fún ẹ. Ọjọ́ tó o sọ ti ìyá ọkọ ẹ fún mi ni mo ti mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ míì. Bó o ṣe sọ ọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ọ̀rọ̀ tó lè ṣe èèyàn báyìí, ọmọdé tó bá kọ́ ọ ò lè gbàgbé ẹ̀ láé."

Ẹ gbọ́ o. Mo tú inú mi fún un kó lè bá mi bò ó, ó sì fi ṣe ohun ìkọ́ni. Kò tiẹ̀ bínú sí mi! Ká ní ó bínú sí mi ni, ǹ bá wá ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó ti ń wò wá. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó máa bá mi nílé lọ́jọ́ kan. Èyí tó tún wá ń gbé mi lọ́kàn ni pé kò tọ̀nà, kódà nínú ìṣirò, ó sì mọ̀ pé kò tọ̀nà. Òun náà mi orí lórí yanrìn.

Ó ti pè mí láìmọye ìgbà látìgbà náà, mi ò gbé e. Ó fi ẹja ránṣẹ́ sí mi, mo kó o fún ológbò àdúgbò, ẹja tó dára o.

Wọ́n kó ìwé náà dé ilé ìwé wa. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tí kò tọ̀nà, kí n máa fi òmíràn kọ́ wọn. Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, mà? Orúkọ yín rèé. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣèdánwò, ẹ kọ́ wọn ní ohun tó wà níbẹ̀." Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ yìí, aláriwo ni wọ́n, ojoojúmọ́ ni mò ń gbá tábìlì kí wọ́n tó dákẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ máa kà á sókè, kí n lè máa ṣàlàyé ẹ̀. Wọ́n ka òǹkà pípé, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọ́n ka òǹkà àkúnwọ́sílẹ̀, tíṣà kíláàsì kejì yọjú wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó lanu.

Mo ní, "Ẹ máa kà á lọ." Àwọn kan ń wo bàtà wọn, àwọn kan ń wo ojú fèrèsé. Mo gbá tábìlì. "Mo ní ẹ kà á sókè!" Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú rọra nawọ́. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká fo ibẹ̀?"

Ẹ wò ó, ìyá ọkọ mi pè mí bẹ́ẹ̀, mo dúró. Odindi gbọ̀ngàn pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ mo ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ àánú ọmọ yìí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Wọ́n ti mọ̀. Gbogbo wọn pátá ti mọ̀, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò láti ṣàánú mi.

Mo ní a ò ní fo nǹkan kan, ó máa jáde nínú ìdánwò. Mo gbé ìwé náà sókè, mo ka ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.